Ẹ Jókòó, Eyínafẹ́, Títí Sídì Yìí Á Fi Jí

Ẹ jókòó! Mo ní ẹ jókòó, Eyínafẹ́, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà lápò mi, òòlù wà lọ́wọ́ mi, kò síbi tí ẹ fẹ́ gbà, àfi tí ẹ bá fẹ́ fò gba ojú fèrèsé, irin sì wà lójú fèrèsé, èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n fi í síbẹ̀ nítorí olè, mi ò mọ̀ pé inú ẹbí ni olè máa gbà wọlé! Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ẹ tún un tàn. Tí kò bá jí lónìí, ọ̀kan nínú ẹ̀yin àti òun ni mo máa fọ́, mi ò sì tíì pinnu èwo!

Kí lẹ wí? Sùúrù? Ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Sùúrù! Háà! Ẹ̀yin lẹ ń bẹ̀ mí pé kí n ní sùúrù, ẹ̀yin tí ẹ ò ní sùúrù kí n ti ọjà awọ dé kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ inú ṣọ́ọ̀bù mi! Mo lọ ra awọ. Awọ lásán ni mo lọ rà o, mi ò ṣàìsàn, mi ò kú, wọn ò tíì sin mí, mo kàn lọ ra awọ, ìgbà tí mo máa fi dé, kọ̀ǹpútà mi ti di àwátì. Èyí tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ igi bàtà fún mi láti ọjọ́ tí a ti ra ẹ̀rọ! Dúdú, eruku igi lára rẹ̀, bọ́tìnì rẹ̀ kan tó jábọ́ tí mo fi awọ pupa dí, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ìka ọwọ́ mi. Èyí ni mo bá níbẹ̀, ó ń dán bí orí apárí, ẹ dúró tì í, ẹ ń fi eyín yẹn rẹ́rìn-ín sí mi pé, "Ìyàwó wa, mo ti bá yín sọ ọ́ dọ̀tun."

Ọ̀tun! Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́? Ta ló kanlẹ̀kùn yín? Mo ní ó ń lọ́ra, òótọ́ ni, mo sọ ọ́ nígbà tí à ń jẹun, mo ní tí mo bá tàn án, mo lè fọ aṣọ kí n sá a kó tó jí. Ọ̀rọ̀ ẹnu oúnjẹ ni! Ṣé tí èèyàn bá ní ìyá òun ń rìn jẹ́jẹ́, ẹ óò lọ gbé ìyá náà jù sí ààtàn ni? Ẹ sì gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù! Mo sáré débẹ̀, Eyínafẹ́, mo sáré débẹ̀ láìwọ bàtà, èmi aránbàtà, mo bá inú rẹ̀ ní títú, wọ́n ti lù ú fọ́, wọ́n ti yọ bàbà inú rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù, ọmọdé kan fi ń ṣe ilé adìyẹ. Òòlù ni wọ́n fi fọ́ ọ. Ẹ wo tèmi. Ẹ wò ó dáadáa. Orí irin, ìdí igi, òun ni mo fi ń kan ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ bàtà láti ìgbà ọmọge mi. Mo fi irin yìí búra, tí ẹ bá tún fi ẹnu yẹn pe sùúrù, màá kan ìṣó mọ́ ọn.

Ta ló ń gbá ilẹ̀kùn? Bàbá ọmọ mi, ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ o! Àbúrò yín ò tíì kú. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ lọ jókòó ti ọmọ yín lẹ́yìn ilé, ẹ bá mi fi omi tútù sí i lọ́wọ́, torí tí ọwọ́ yẹn bá wú jù báyìí lọ, òkú lẹ máa wá gbé nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, mi ò sì ní bá yín gbé e. Ẹ lọ!

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń wí? Kí n rọra. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n sọ. Kò sẹ́ni tó rọra nígbà tí ẹ ń na ọmọ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Pá! Mo gbọ́ ọ dé ìdí àgbá tí mo ti ń rẹ awọ. Mo ní kí ló dún bẹ́ẹ̀, ṣé igi ló ṣẹ́ ni, àfi bí ọmọ ṣe figbe ta. Mo sáré wọlé tòun tọ̀bẹ awọ lọ́wọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run yín pé ojú mi kọ́kọ́ bọ́ sára ọmọ kó tó bọ́ sára yín, torí ọ̀bẹ yẹn ò ní ṣèyàtọ̀ láàárín awọ màlúù àti tiyín.

Kí lọmọ ṣe? Ẹ sọ ọ́ kí ògiri yìí gbọ́. Ó rákò wọlé. Ó fa ara rẹ̀ dìde mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Ó tán! Ẹ ní ẹ ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé tí kọ̀ǹpútà bá ń jí lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ní bó ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, pé búlúù ni àwọ̀ ikú kọ̀ǹpútà, gbogbo oníkọ̀ǹpútà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ẹ sáré fa wáyà yọ lára ògiri kó má baà bàjẹ́ pátápátá, ọwọ́ tí ẹ fi fa wáyà náà lẹ fi gbá ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́ o! Kọ̀ǹpútà tí ẹ ti ń bá wọ̀yá ìjà láti ọjọ́ mélòó kan tí kò jí lójú oorun, ọmọ mi ló wá pa á!

Ta ni mo tún fún lórúkọ tó dùn bí tiyín nílé yìí? Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé yín, ṣòkòtò péńpé lẹ wọ̀, ẹ ṣì ń tọ̀ sórí ẹní, ẹnu mi ò sì gbọdọ̀ pe orúkọ tí ìyá yín sọ yín, mo wo ẹnu yín, mo rí eyín funfun tó tò lọ rere, mo ní ọkọ mi kékeré rèé, Eyínafẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ wo bí inú ṣe ń bí mi tó, tí ẹ̀jẹ̀ ń ru wọ ojú mi, ẹ̀yin náà ni mo ṣì ń pè yín! Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fún yín, mo lè gbà á padà. Òòlù kan péré ni, Eyínafẹ́ á di Akáyín, ìyá yín gan-an á sì máa bá mi pè é.

Ẹ má wo ẹnu mi, ojú kọ̀ǹpútà ni kẹ́ ẹ wò. Ṣé ó ti tàn? Kí ló gbé wá? Òkè yẹn náà ni! Àwòrán òkè aláwọ̀ ewé tí ẹ fi ṣe ojú rẹ̀, bíi pé mo sọ fún yín pé òkè ni mo fẹ́ gùn! Ohun tuntun tí ẹ kó sínú rẹ̀ ló tún gbéra yìí, ó tún ti fo sídì tó bá ẹ̀rọ mi wá kọjá bí ẹni fo gọ́tà. Ẹ pa á. Ẹ pa á kí n tó bá yín pa á!

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe? Ẹ ò mọ̀. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ wo apá rẹ̀ yìí, apá irin tó tẹ́ẹ́rẹ́, òun ló máa ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ èèyàn láti gìgísẹ̀ dé ọmọńdinrín, á mọ gbogbo kọ́lọ́fín rẹ̀, kọ̀ǹpútà á gbà á sórí, ọ̀bẹ tó wà lódìkejì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igi, ẹsẹ̀ igi tó jọ tẹlẹ́ran ara láìyẹ̀ ni yóò gbẹ́ sílẹ̀, orí ẹsẹ̀ igi yẹn ni mo máa ń na awọ mọ́ tí mo fi ń rán bàtà fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò gba bàtà ọjà. Ẹlẹ́sẹ̀ wíwọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ wíwú. Ẹni tí ọkọ̀ gé ní ìka ẹsẹ̀. Àti ọmọ mi! Torí ọmọ mi ni mo ṣe ra ẹ̀rọ yìí, ẹ mọ̀! Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ, inú mi ló ti gbé e wá, ó sì tún yí sínú díẹ̀, ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ lójú mi pé rírákò ló máa rákò títí ayé. Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí mo wọ bàtà àkọ́kọ́ fún un, tó dìde dúró, tó gbẹ́sẹ̀, ta ló rìn lọ bá? Ẹ̀yin ló rìn lọ bá! Ẹ gbé e sókè, ẹ ń pariwo pé ìyàwó mi ti rìn, ẹ wá wo ìyàwó mi, ìyàwó mi ti rìn! Àbí mo purọ́ mọ́ yín?

Ẹ ń sunkún? Ẹ nu ojú yín jàre! Ẹkún kọ́ ló ń tan kọ̀ǹpútà. Ọmọ ti dàgbà, bàtà náà ti fún un, gbogbo ìka rẹ̀ ti ká sínú, mo bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo ní kó fara dà á fún mi, kí n kàn lọ ra awọ tó rọ̀, tí mo bá ti dé, màá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, bàtà tuntun á jáde, aláwọ̀ pupa, ó ní pupa lòun fẹ́. Mo dé, ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó ń pè é mọ́! Mo ní kò burú, mo gbé ọ̀bẹ, mo fọwọ́ gbẹ́ igi, mo fojú wọ̀n ọ́n, mo rán bàtà sí i lórí, mo wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ìgbà tó máa fi padà, ẹ̀jẹ̀ ló ń tò tẹ̀ lé e lórí ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀, Eyínafẹ́! Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, lórí sìmẹ́ńtì tí ẹ tẹ̀ yìí! Kò tiẹ̀ sunkún, ó ní, "Màámi, ó dáa, ó kàn ń ta mí díẹ̀ ni." Mo gba bàtà náà, mo fi àáké là á tòun tigi inú rẹ̀, mo là á, mo là á, títí kò fi jọ bàtà mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ọmọ mi ń rákò. Ọmọ tó ti ń sáré! Kò jáde síta mọ́, torí tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ti rí i nílẹ̀ báyẹn, gbígbó ni wọ́n ń gbó sí i bí ajá.

Ẹ fa ẹsẹ̀ yín kúrò lábẹ́ tábìlì kí n wò ó. Ẹ wò ó, méjèèjì gún régé. Ṣé kí n gé ọ̀kan kù díẹ̀, ká lè jọ mọ̀ bó ṣe máa ń ṣe èèyàn? Ẹ ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn? Mi ò tíì mú ayùn. Kí lẹ ní? Pé kì í ṣe ẹjọ́ yín? Ẹjọ́ ta ni? Ṣé ẹjọ́ òkè aláwọ̀ ewé ni?

Ọpẹ́lọpẹ́ sídì. Àwọn tó ta ẹ̀rọ fún wa láti òkè òkun ló fi í mọ́ ọn, mo fi aṣọ wé e, mo tọ́jú rẹ̀ sínú agolo, mo ti sọ fún ara mi pé tí ilé bá ń jó, tí mo bá ti gbé ọmọ, agolo yẹn ló kàn, kó tó kan ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín. Inú sídì náà ni ohun tí ẹ̀rọ ń gbọ́ wà. Ohun àtijọ́ ni, wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́, èyí tuntun tí ẹ kó sínú kọ̀ǹpútà yín ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kò burú, ẹ da tàtijọ́ sínú rẹ̀ fún mi. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní iṣẹ́ kékeré nìyẹn, pé kí n lọ máa rẹ awọ mi, kí awọ tó rọ̀ ẹ ó ti parí. Awọ ti rọ̀, Eyínafẹ́! Awọ ti ń rùn!

Ẹ kọ́kọ́ ní kọ̀ǹpútà tuntun ò ní ẹnu tí wọ́n ń ki sídì sí. Ẹ lọ yá ẹnu wá, àpótí pẹlẹbẹ kan tí wáyà wà nídìí ẹ̀. Ẹ ki sídì bọ̀ ọ́, kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ wo apá ibẹ̀. Ẹ ní wọ́n máa ń to ohun tí kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ pè nígbà tó bá ń jí, ẹ wọ yàrá ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ lọ, ẹ fi sídì ṣíwájú, ṣé ó pè é? Kò pè é! Ẹ ní háà, àgádágodo wà lára ẹ̀, pé àwọn tó ṣe é ò fẹ́ kó gba ohunkóhun tí kò bá ní òǹtẹ̀ tuntun lára. Ẹ tú àgádágodo, ẹ ní kó máa ṣe bíi kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́, ó gbà, ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín, ẹ tún un tàn, òkè aláwọ̀ ewé! Ẹ ní ihò tí ẹ ki wáyà bọ̀ ni ò dáa, ẹ yọ ọ́ níwájú, ẹ ki í bọ ẹ̀yìn, òkè aláwọ̀ ewé! Ẹ da inú sídì kọ sórí fíláàṣì, fíláàṣì gbóná bí ẹyin sísè, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ wá ní sídì ló dọ̀tí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́! Ọṣẹ ìfọyín! Torí pé ẹ léyín tó dáa, ẹ rò pé gbogbo ohun tó bá ń dán ni wọ́n ń fi ọṣẹ ẹnu fọ̀! Mo dúró lẹ́yìn yín, mò ń wo ọrùn yín, mò ń wo ibi tí irun pin sí, mo ní tí sídì yìí bá fi lè ha pẹ́nrẹ́n, ibẹ̀ yẹn gan-an ni òòlù máa bá wọlé.

Ìgbà tí ẹ nù ún tán ló wá ń gbé ìlà kan wá, ẹ ò rántí ni? Ìlà funfun kan ṣoṣo lójú dúdú, lókè pátápátá, ní èdè àwọn tó ta ẹ̀rọ, tí ẹnì kankan ò gbọ́ nínú gbogbo wa, àmì tíntìntín á máa tò tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, fìrí, á pòórá, òkè aláwọ̀ ewé á dé. Mo bi yín, mo ní Eyínafẹ́, kí ni ìlà yẹn ń wí? Ẹ ò wojú mi. Ẹ ní àṣìṣe ni, pé ó ń sọ fún wa pé sídì ti kú. Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ṣé ẹ gbọ́ èdè wọn ni? Ó lè jẹ́ pé ó ń kí wa! Ó lè jẹ́ pé ó ń bú yín! Ẹni tó bá ń sọ ohun kan náà látàárọ̀ dọ̀sán, ṣé ẹ ò rò pé ó ní ohun tó ń tọrọ ni? Ẹ ní ká ṣáà má fọwọ́ kàn án, ká dúró jẹ́ẹ́, bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ń bímọ lọ́wọ́! Nígbà tí ẹ na ọmọ mi tán, ẹ tún wá gbé kíbọ́ọ̀dù kúrò níwájú ara yín, ẹ gbé e sórí òkìtì awọ níbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pé kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì kàn án, ẹ wá káwọ́ gbera, ẹ ń wo ìlà.

Ẹ ń tẹ àpò wò? Fóònù lẹ ń wá? Ó wà nínú àgbá omi awọ. Èmi ni mo jù ú sí i, nígbà tí ẹ ń ṣàlàyé búlúù fún ẹ̀gbọ́n yín. Ó ń dún nínú omi fúngbà díẹ̀, ó ń kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja, nígbà tó yá ó dákẹ́. Ó dùn yín? Ẹ̀yin náà ti wá mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá bá èèyàn sọ nǹkan ẹ̀ dọ̀tun.

Àga tó wà ní fífọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀ jù yín lọ, mo sì gbá a mọ́ ògiri. Ẹ fi ìyẹn ronú. Mi ò ní gbé yín ṣépè o. Ìyá mi kìlọ̀ fún mi nígbà tí mò ń bọ̀ nílé ọkọ, ó ní ìyàwó kì í gbé ọkọ ṣépè, àgbà ni o, ọmọdé ni o. Kò sọ nǹkan kan nípa òòlù.

Ó tó. Ẹ tún un tàn. Ìgbẹ̀yìn rèé, mo fi irin yìí búra, ìgbẹ̀yìn rèé. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ṣé sídì ń yí? Mo gbọ́ ọ, ó ń yí. Ojú rẹ̀ ti dúdú. Òun nìyẹn! Ìlà yẹn náà ló tún dé yẹn! Ìwọ nǹkan yìí, sọ èdè tí mo gbọ́! Kí lo fẹ́? Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ mi? Ẹ má dì mí mú! Ẹ fi apá mi sílẹ̀, Eyínafẹ́, tí mi ò bá fọ́ nǹkan kan nísinsìnyí, àyà mi ló máa fọ́, ẹ yẹra, mo ní ẹ yẹra, gbà! Gbà! Gbà! Ó tán! Kí bọ́tìnì fò, kí gbogbo rẹ̀ fò! Ẹ dúpẹ́ pé kíbọ́ọ̀dù ló wà níbẹ̀, kì í ṣe orí yín.

Kí ló ń kùn?

Ẹ dákẹ́. Ẹ dákẹ́ ẹkún yín, kí ló ń kùn? Ó ti di búlúù. Ẹ fi wáyà yẹn sílẹ̀! Tí ọwọ́ yín bá kan wáyà yẹn, màá kan án mọ́ ògiri! Kí lẹ ní, pé ó ń kú? Ikú wo? Ṣé báyìí ni ohun tó ń kú ṣe ń kùn? Ẹ gbọ́ sídì, ó ń sáré bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ níbẹ̀, lẹ́tà ń kọjá, wọ́n ń kọjá lọ wìrì wìrì. Eyínafẹ́. Mo mọ búlúù yìí. Mo mọ̀ ọ́n! Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ àwọn tó ta ẹ̀rọ wá gbé e kalẹ̀ fún wa, ìdí tábìlì yìí ló jókòó sí, búlúù yìí gan-an ló wà níwájú rẹ̀, mò ń fún ọmọ lọ́mú lórí àga, mò ń wò ó, mo ní àwọ̀ yìí mà dáa fún bàtà o. Kì í ṣe ikú! Ohun tó ń jí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀! Ọwọ́ ló ń tọrọ, Eyínafẹ́! Kí ẹnì kan ṣáà tẹ bọ́tìnì kan, èyí tó bá wù ú, ohun tí ìlà ń wí látàárọ̀ nìyẹn, ẹ tẹ̀ mí kí n jí, ẹ tẹ̀ mí kí n jí, ẹ̀yin wá ń gbé kíbọ́ọ̀dù sá fún un!

Háà! Ha ha ha! Mo gbé! Ẹ gbà mí, ẹ̀rín á pa mí! Àgádágodo lẹ tú, ihò lẹ pààrọ̀, ọṣẹ ìfọyín lẹ fi fọ̀ ọ́, òòlù aránbàtà ló tàn án! Ẹ rẹ́rìn-ín náà, kí ló dé, ẹ fi eyín hàn mí, ẹ ṣì ní i!

Ẹ dúró ná.

Ẹ dúró. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lẹ́nu yín pé bí ọmọ ṣe tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó di búlúù. Ọmọ mi ti jí i. Ọmọ tó rákò wọlé, tó fa ara rẹ̀ dìde mọ́ tábìlì, ó ti jí i láàárọ̀! Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá bàtà fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹ fa wáyà yọ, ẹ pa á, ẹ sì gbá a lọ́wọ́ tó fi jí i.

Rárá o, èmi kọ́ lẹ máa bẹ̀. Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ti dúró, ó tún ń bi wá ní nǹkan, bọ́tìnì ńlá tó wà lápá ọ̀tún yẹn ni òṣìṣẹ́ ọjọ́ yẹn ń tẹ̀ tó bá ti dúró báyìí. Ihò rẹ̀ rèé lára kíbọ́ọ̀dù. Ó ti fò lọ, abẹ́ tábìlì ló máa wà, tàbí abẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ lọ wá a. Ta ló ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀? Ẹ kúnlẹ̀. Orúnkún nílẹ̀, ọwọ́ nílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìṣó wà nílẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ́rún igi wà nílẹ̀, ibẹ̀ náà lọmọ mi ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Ẹ lọ síwájú. Ẹ ti rí i? Ó dáa. Ẹ má fọwọ́ mú un, ọwọ́ yẹn ò mọ́. Ẹ fi eyín gbé e. Ẹ jẹ́ kí n rí ìwúlò orúkọ tí mo fún yín.

Bàbá ọmọ mi! Mo ti ṣí ilẹ̀kùn o. Ẹ má gbé e wá, ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ kó máa wòran, ẹni tó nà án ń bọ̀ wá bá a. Òun ni yóò fi bọ́tìnì yìí padà sí ihò rẹ̀, tí yóò sì tẹ̀ ẹ́, kò sí ẹlòmíràn. Ẹ má dìde o, Eyínafẹ́! Ẹ̀yìn ilé ṣì jìn. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gba orí sìmẹ́ńtì yẹn lọ. Ọmọ mi, má bẹ̀rù, má sì gbó sí i bí wọ́n ṣe ń gbó sí ọ. Ṣáà na ọwọ́ tó wú yẹn síwájú, kó fi eyín gbé bọ́tìnì náà lé e.